Áàpù tí a fi ń gba ọmọ nílé ìwé: ẹnu géètì ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò

Láti ọdún tó kọjá ni ilé ìwé tí àwọn ọmọ mi méjèèjì ń lọ ní Sùúrùlérè ti ń lo áàpù kan tí òbí fi ń sọ fún tísà ẹni tó ń bọ̀ wá mú ọmọ lọ́sàn-án, tí tísà náà fi ń dá òbí lóhùn. Mi ò ní dárúkọ áàpù náà, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwé. N ò wá ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Irú rẹ̀ ti pọ̀ nígboro, orúkọ ló kàn yàtọ̀. Bí wọ́n bá gbé òmíràn wá sí ilé ìwé ọmọ tiyín, ó kéré tán ẹ ó ti mọ ibi tó yẹ kí ẹ tẹjú mọ́.

Broad Street ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé láti Àpọ́ńgbọ̀n gun Afárá Èkó, kí èèyàn já sí Costain, kó tó wá gba Funsho Williams wọ Sùúrùlérè, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé aago báyìí lòun máa dé. Tí tírélà kan bá lè dákú lórí afárá, ó parí. Láti September 2023 tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2, mo máa ń wọ̀ ọ́ nígbà míì, màá sọ̀ ní Orílẹ̀-Ìgànmú, màá wá mọ́tò míì wọ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ti gbà mí sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n agogo méjì làwọn ọmọ ń jáde, ẹni tó ń gbowó oṣù ò sì lè máa gbé báàgì lójoojúmọ́ ní agogo kan.

Nítorí náà, ọwọ́ tó ń gba ọmọ nílé wa pọ̀. Ìyá ọkọ mi wà ní Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó, àwọn ni wọ́n máa ń mú wọn jù. Àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀, aládùúgbò wa tí ọmọ tirẹ̀ náà ń lọ síbẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá wọn náà sì ń lọ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò bá gbé e lọ sí Ìbàdàn. Tẹ́lẹ̀, ọlọ́kadà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ló máa ń gbé Màmá lọ, kí ìjọba tó lé ọ̀kadà kúrò ní Sùúrùlérè ní June 2022.

Kí áàpù tó dé, gírúùpù WhatsApp kíláàsì la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Màmá ló ń bọ̀ wá mú wọn lónìí, ẹ jọ̀ọ́.” Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹnì kan ti kí ọmọ rẹ̀ kú ọjọ́ ìbí, àwọn yòókù ti ń ṣàmín lọ́tùn-ún lósì, ẹlòmíì ti gbé fọ́tò àdìrẹ tó ń tà síbẹ̀, ìyá kan sì ń bèèrè iye tí aṣọ àpèjẹ ìparí ọdún jẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi ti wọlẹ̀ lọ. Mi ò sì dá Àǹtí lẹ́bi, torí wọn kì í jẹ́ kí tísà mú fóònù wọ kíláàsì. Ìgbà tí wọ́n bá jáde fún eré ni wọ́n máa ń rí i, nígbà yẹn ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ti wà lórí tèmi. Ìwé kékeré kan tún wà nínú báàgì ọmọ tí òbí lè kọ nǹkan sí láàárọ̀. Ìyẹn dára fún ohun téèyàn ti mọ̀ láti alẹ́ àná, àmọ́ ọ̀gá tèmi kì í sọ ìpàdé agogo kan fún mi lálẹ́ àná.

Bí áàpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Òbí á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè gba ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù wọn. Bí ètò ọjọ́ náà bá yí padà, ẹ ó mú orúkọ ẹni tó ń bọ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, áàpù á fi nọ́ńbà mẹ́rin ránṣẹ́ sí fóònù onítọ̀hún. Ọjọ́ náà nìkan ni nọ́ńbà ọ̀hún wúlò fún. Tó bá dé géètì, á pè é, ẹni tó wà nídìí tábúlẹ́ẹ̀tì á tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, fọ́tò á yọ, wọ́n á wo ojú èèyàn mọ́ fọ́tò, wọ́n á ké sí ọmọ. Bí ọmọ bá ti jáde, fóònù tèmi á dún ní Broad Street pé ọmọ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni báyìí ní aago báyìí. Ohùn yẹn nìkan tó owó tí mò ń san. Ẹni tó bá ti jókòó nínú ìpàdé rí, tó ń wo aago tó ti di méjì àbọ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti mú ọmọ, á yé e.

Ọjọ́ tí ẹni tó ń ta áàpù yìí wá síwájú wa nípàdé àwọn òbí àti olùkọ́, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Máàpù ló fi ń yangàn, bí òbí ṣe lè máa wo bọ́ọ̀sì ilé ìwé bó ṣe ń rìn láti àdúgbò kan dé òmíràn. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Ọmọ tèmi ò wọ bọ́ọ̀sì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni géètì. Gbogbo sáà àkọ́kọ́, ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ Àǹtí kíláàsì wẹ́rẹ́, Àǹtí á tẹ̀ ẹ́ pé àwọn ti rí i, ọkàn mi á balẹ̀. Àṣé àárọ̀ nìkan ni tábúlẹ́ẹ̀tì ẹnu géètì máa ń gba orúkọ tuntun. Ohun tí mo bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn ò dé ibẹ̀. Màmá dé lọ́jọ́ kan, wọ́n pe nọ́ńbà wọn, tábúlẹ́ẹ̀tì ní àbúrò mi ni òun ń retí. Wọ́n ní kí Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fúrúùtù, kí wọ́n lọ bi Àǹtí. Àǹtí ti lọ bá àwọn ọmọ kan lókè. Kí wọ́n tó rí wọn, gbogbo ọmọ yòókù ti lọ tán, inú sì ti ń bí Màmá. Wọ́n pè mí, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ní, “Ìyàwó mi, ilé ìwé yín ní àwọn ò mọ̀ mí.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá ọkọ, ẹ mọ̀ pé ariwo sàn jùyẹn lọ.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn òbí dìde sí i nípàdé, àwọn tó ni áàpù kọ́kọ́ ń sọ pé ká lọ sọ áàpù orí fóònù wa di tuntun, bí ẹni pé fóònù tiwa ló wà lẹ́nu géètì. Ìgbà tí ọ̀gá àgbà ilé ìwé fúnra wọn bá wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n tó tún un ṣe. Ní báyìí, tí mo bá yí orúkọ padà, ó ń yọ ní pupa lórí tábúlẹ́ẹ̀tì géètì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun ti rí i, èmi náà á sì rí i pé ó ti tẹ̀ ẹ́. Àmì méjì ni mo máa ń wò báyìí, ti Àǹtí àti ti géètì. Bí ti géètì ò bá tíì yọ nígbà tó bá di agogo kan ààbọ̀, màá pe ọ́fíìsì ilé ìwé. Ẹ bèèrè nípa àmì kejì yìí kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun míì lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ta irú áàpù báyìí.

Ibi tí mo ti yìn wọ́n jù ni ibi tí inú bí ẹbí mi jù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń kọjá lọ ní Bode Thomas lọ́jọ́ kan, wọ́n ní káwọn yà mú àwọn ọmọ, káwọn ra áísìkiriìmù fún wọn, káwọn gbé wọn délé. Inú rere ni. Wọn ò sí lára àwọn tí a kọ orúkọ wọn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábúlẹ́ẹ̀tì kò ju ẹni ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé mi ò lè mú ọmọ àbúrò mi?” Ọmọ yẹn kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. “Ẹ má bínú, sà. Ọmọ gan-an ti rí yín, ó ń pè yín ní Dádì Àgbà. Orúkọ yín ni kò sí níbí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe mọ́mì wọn.” Wọ́n pè mí. Mo tẹ orúkọ wọn wọlé, áàpù ní ó di ọjọ́ kejì kí ilé ìwé tó lè fọwọ́ sí orúkọ tuntun. Bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó, kò gbà. “Ìyàwó wa,” wọ́n ní, “ṣé èmi ni mo wá di gbọ́mọgbọ́mọ?” Ọkọ mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, tí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Àwọn òbí kan ní òfin ọjọ́ kejì yìí ti le jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007, kò sì fàyè gba kí ẹnikẹ́ni mú ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni àbójútó rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jí ọmọ náà lè mọ orúkọ ọmọ, ọmọ náà sì lè sáré mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ìpè kan ṣoṣo lórí fóònù ti tó láti fi orúkọ tuntun kún un, ta ló máa mọ̀ pé èmi ni mo wà lórí fóònù yẹn? Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ orúkọ gbogbo ẹbí tó ṣeé ṣe kó yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì lo orúkọ tí àwọn ọmọ fi ń pè wọ́n. Orúkọ inú ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún Màmá. Wọ́n bi ọmọ mi kékeré bóyá ó mọ obìnrin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní rárá, òun ò mọ̀ ọ́n. Màmá Ìjẹ̀ṣà ló mọ̀.

Ohun tí kò tíì dára rárá ni ti Màmá àti nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń bá nọ́ńbà wá, Gẹ̀ẹ́sì ni, ó gùn, nọ́ńbà ọ̀hún wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ni Màmá kọ́kọ́ fi hàn kó bá wọn kà á. Ẹ wo ohun tí wọ́n ní ká fi pamọ́, tó ti di ọ̀rọ̀ inú kẹ̀kẹ́. Ní báyìí, èmi ni mò ń pè wọ́n, màá kà á fún wọn ní Yorùbá, “Màmá, méje, òdo, méjì, mẹ́rin,” wọ́n á ní kí ọmọ ilé bá àwọn kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n á ká bébà náà mọ́ owó, wọ́n á dì í sétí ìró. Tí wọ́n bá dé géètì, wọ́n á tú u. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kí ni mò ń sanwó fún nígbà náà? Kí áàpù fi ohùn pè wọ́n, kó ka nọ́ńbà mẹ́rin ní Yorùbá, ṣé ìyẹn le ni? Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò.

Ọjọ́ òjò tún wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, iná ò ní sí, tábúlẹ́ẹ̀tì á kú. Ilé ìwé ti gbọ́n sí i: wọ́n ń tẹ orúkọ gbogbo sórí bébà ní agogo kan, ẹ̀ṣọ́ géètì á mú un dání, ẹni tó bá gba ọmọ á bu ọwọ́ lù ú. Kì í ṣe àwọn tó ni áàpù ló ronú rẹ̀, obìnrin tó ń ṣe akọ̀wé ilé ìwé ni. Kí ẹ má jẹ́ kí ilé ìwé kankan kó bébà dànù torí pé áàpù dé.

Fọ́tò àwọn èèyàn mi tó wà lọ́wọ́ wọn náà kọ mí lóminú. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ní òbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lo ohun tó jẹ mọ́ ọmọdé, ó sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Mo ní kí wọ́n yọ fọ́tò ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ti kúrò nílé wa. Wọ́n yọ ọ́, ó pẹ́ díẹ̀.

₦3,000 ni wọ́n ń fi kún owó ilé ìwé ní sáà kan, iye ọmọ yòówù kẹ́ ẹ ní níbẹ̀. Òbí tó ń mú ọmọ fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, owó yẹn ò tọ́ sí i, mo sì ti sọ ọ́ nípàdé pé kí wọ́n má fi dandan mú wọn. Tèmi, màá san án sáà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Yábàá, Ìkẹjà tàbí Àjàò, tí ilé ìwé yín ń lo òmíràn tó ń sọ Yorùbá fún àwọn àgbàlagbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́, kí n lè rí ohun tí màá gbé síwájú àwọn tiwa.