Ẹ̀rọ Ní Kò Sí, Ìwé Wà Lórí Pẹpẹ: Àgbéyẹ̀wò Káàtálọ́ọ̀gì Orí Kọ̀ǹpútà ní Ilé Ìkàwé Yunifásítì Wa

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú méjì lọ sí ibi tí mo jókòó sí. Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn. N kò ní dárúkọ yunifásítì náà, nítorí pé mo ṣì ní ìwé-ẹ̀rí láti gbà níbẹ̀.

N kò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ilé náà. Kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà, àga wọn sì dára fún ẹ̀yìn. Ohun tó kàn mí ni káàtálọ́ọ̀gì orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi rọ́pò àwọn àpótí káàdì àtijọ́, èyí tí wọ́n sọ fún wa nígbà tí a wọlé pé a lè fi fóònù wá ìwé nínú rẹ̀ láti orí ibùsùn wa.

Ẹ̀ṣà egúngún ni mo ń ṣe ìwádìí lé lórí. Alábòójútó mi ní kí n lọ ka iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka wa fi taipuráítà tẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ó sì ní òun fúnra òun ti kà á nínú ilé ìkàwé yẹn. Mo tẹ "Ẹ̀ṣà egúngún" sínú káàtálọ́ọ̀gì pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń kọ́ èdè Yorùbá tẹ̀ ẹ́. Òdo. Mo yọ àmì ohùn, mo fi ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà sílẹ̀. Òdo. Mo wá tẹ "Esa egungun", bí ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀. Òdo náà ni.

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ìbéèrè. Mo kí i, ó sì dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó tẹ ohun tí èmi náà ti tẹ̀, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi.

"Mà, kò sí."

Mo ní, "Ibí gan-an ni alábòójútó mi ti kà á."

"Ó lè ti sọnù, Mà. Ẹ̀rọ ní kò sí."

"Ṣé ẹ lè bá mi wo orí pẹpẹ?"

"Ohun tí kò bá sí lórí ẹ̀rọ, Mà, kò lè sí lórí pẹpẹ."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àfi bí ẹni tó ní àlejò kò sí nínú ilé nítorí pé kò fọwọ́ sí ìwé àlejò, tí àlejò náà sì ń jẹun lọ́wọ́ nínú pálọ̀.

Nígbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí iná, díísù jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, nítorí náà káàtálọ́ọ̀gì kò ṣí rárá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọ yàrá tí wọ́n ń kó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ sí kí n fi ojú ara mi wò ó. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mú nọ́ńbà ìwé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Inú káàtálọ́ọ̀gì nìkan sì ni nọ́ńbà ìwé wà. Ẹni tó ṣe òfin yìí kò tíì wá ìwé rí láyé rẹ̀.

Ìgbà kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ohùn mi ti ń ròkè (mo jẹ́wọ́) nígbà tí obìnrin àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ bu omi dúró. Màmá Káàdì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n, nítorí pé àwọn nìkan ló ṣì mọ bí àpótí káàdì ṣe tò.

Wọ́n ní, "Kí lẹ ń wá, ọmọ mi?"

Mo sọ fún wọn. Wọn kò jókòó. Wọ́n na ọwọ́ kọjá ọ̀dọ́mọkùnrin náà, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "egungun". Àkọlé bẹ̀rẹ̀ sí í tò sílẹ̀. Ní ojú ewé kejì, wọ́n fi ìka kan án: "??a Egungun".

Ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, àmì ìbéèrè ti jẹ méjì nínú rẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

Màmá ṣàlàyé. Koha ni ilé ìkàwé náà ń lò, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní New Zealand, tí ilé ìkàwé kan níbẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2000. Ẹ̀bùn ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Māori, n kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ láti inú ètò àtijọ́ wá sínú Koha ni gbogbo lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ di àmì ìbéèrè, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ yìí ju ilé ìkàwé tiwa lọ. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà gbogbo èdè mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un mọ́. A ní láti so àmì kan mọ́ lẹ́tà lẹ́yìn. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà tẹ "ẹ̀" kan náà tí ojú ènìyàn kò ní rí ìyàtọ̀ wọn, tí ẹ̀rọ tí wọn kò bá tò dáadáa yóò sì kà á sí ohun mẹ́rin.

Màmá bá mi gun òkè. Ìwé náà wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ pupa di ẹ̀yìn rẹ̀, eruku bò ó. Wọ́n fi etí ìró wọn nù ún kí wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n bi mí bóyá mo ti gba ọ̀rọ̀ ìwọlé JSTOR, àkójọ àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní rárá, pé ẹ̀gbọ́n mi ní London ni mo máa ń bẹ̀ kó bá mi wa àpilẹ̀kọ jáde láti yunifásítì tirẹ̀. Màmá dúró lórí àkàsọ̀, wọ́n wò mí bí ẹni tó ń rà omi létí odò. Yunifásítì wa ti wà lórí JSTOR tipẹ́. Nẹ́tíwọọ̀kì inú ọgbà nìkan ló ń fi dá wa mọ̀, ẹni tó bá wà nílé sì nílò orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé, èyí tí wọ́n kọ fún mi sórí pépà kékeré kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mọ Hinari, ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2002 kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè rí àpilẹ̀kọ ìṣègùn kà, bí ẹní mowó. Àwa ọmọ ẹ̀ka èdè ni a kò rí ẹni sọ tiwa fún wa. Ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo ń ka àpilẹ̀kọ nípa egúngún tí wọ́n ti tẹ̀ jáde kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Inú mi dùn débi pé n kò rántí jẹun.

Síbẹ̀, inú tún bí mi nígbà tí mo rí ibi tí àpótí káàdì wà báyìí: abẹ́ àkàsọ̀, lẹ́yìn àwọn àga tó ti kán. Màmá ní ọ̀pọ̀ káàdì ni wọn kò tíì tẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ìgbà méjì sì ni wọ́n ti fẹ́ kó àpótí náà fún káfíńtà. Ọdún tó ń bọ̀ ni Màmá yóò fẹ̀yìn tì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ìdí tábìlì náà bẹ̀ mí, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà," ó sì gba àkọlé náà sílẹ̀ pé òun yóò tún un ṣe. Mo wò ó lánàá. Ó ti di "Ẹsa Egungun". Àmì ìsàlẹ̀ kan ti wọlé, ìkejì ṣì wà lọ́nà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5.