Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, bí hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì PS5 bá dún lórí fóònù yín, ẹ má tíì sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá géèmù ní Àkúrẹ́, pàápàá lápá ibi FUTA, Ìjàpọ̀ àti Ọ̀dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń ta hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì aláìníwáyà fún PS5 (PlayStation 5, ẹ̀rọ géèmù Sony) ní owó pọ́ọ́kú. ₦58,000 mi ti lọ. Ọmọ iléèwé kan tó máa ń wá gbá géèmù lọ́dọ̀ mi ti pàdánù tirẹ̀ náà, ọwọ́ ẹnì kan náà sì ni, torí nígbà tí a gbé fóònù wa méjèèjì síra, àkáǹtì kan náà la san owó sí. Ẹni náà kò tíì dáwọ́ dúró. Lánàá ni mo tún rí àwòrán páálí hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì tó tà fún wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí kápẹ́ẹ̀tì pupa kan náà ló gbé e lé, nọ́ńbà fóònù nìkan ló yí padà.

Mo ní ilé géèmù kékeré kan lọ́nà South Gate. Àbúrò mi wà ní Kánádà. Gbogbo alẹ́ Sátidé la jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí PS5, òun lọ́hùn-ún, èmi níbí. Ibẹ̀ la ti ń sọ ọ̀rọ̀ ilé, ibẹ̀ ló ti ń béèrè àlàáfíà màmá wa, ibẹ̀ náà ló ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìyàwó òun ti lóyún. Wáyà hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ ti já nínú, bí mo bá mi orí díẹ̀, ohùn rẹ̀ á pòórá. Ìdí tí mo fi ń wá aláìníwáyà nìyẹn.

Mo rí èyí tí mo ń sọ yìí, wọ́n kọ Pulse 3D sí i, páálí funfun, àwòrán rẹ̀ mọ́ lójú. Mo béèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ní ó wà ní Ọba Adésidà, ṣùgbọ́n wọ́n ń tún un kùn lọ́wọ́, kí n pàdé òun níwájú ilé epo. Ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni. Ó tẹrí ba kí mi, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo ní, "Àbúrò, ṣé o lè bá mi délé ká fi PS5 yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ tan Bluetooth fóònù yín, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ níbí."

Mo tan án. Orúkọ rẹ̀ jáde lójú fóònù. Mo fi fújì sí i, ìlù ń dún kíkankíkan ní etí mi méjèèjì, inú mi sì dùn. Ó fa dongle kékeré kan yọ nínú páálí, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ kó lè bá hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, ó ní èyí ni ti PS5, kí n kàn kì í bọ ihò USB, kò sí wàhálà kankan. Mo sanwó. Ó dúró títí alẹ́ẹ̀tì fi wọlé, ó dúpẹ́, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ìgbà tí nǹkan náà dún lórí fóònù mi yẹn gan-an ló yẹ kí n ti mọ̀. Pulse 3D gidi, tí Sony gbé jáde pẹ̀lú PS5 ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, kò ní Bluetooth nínú rárá. Dongle tirẹ̀ nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́, tàbí kí ẹ fi wáyà kì í bọ páàdì tí a ń dì mú gbá géèmù. Kò sí fóònù tó lè rí i lórí Bluetooth. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ Pulse 3D sára páálí, tí orúkọ rẹ̀ sì jáde lórí Bluetooth fóònù yín, ayédèrú lẹ mú dání. Ohun tí ọmọ yẹn fi ń fọkàn àwọn oníbàárà balẹ̀, òun gan-an ni ẹ̀rí pé irọ́ ló ń pa. Èyí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ìdánwò tí mo rò pé ó dáàbò bò mí ni wọ́n fi mú mi.

Kí ẹ má baà ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́: hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì gidi mìíràn wà tó ní Bluetooth àti dongle pọ̀. Pulse Elite, tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Bluetooth inú rẹ̀, ti fóònù ni. PS5 kì í gba ohùn hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì láti orí Bluetooth. Bí ẹ bá gbìyànjú láti so ó pọ̀, PS5 fúnra rẹ̀ á sọ fún yín pé òun kò gbà á. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn rú ni pé Bluetooth ni páàdì PS5 ń lò, wọ́n wá rò pé bí páàdì bá ti lè wọlé, hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì náà á wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dongle ni ọ̀nà, ìyẹn èyí tó ń lo ìgbì 2.4 GHz, tó sì ń gbé ohùn dé kíá. Ohùn orí Bluetooth lásán lè fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ pẹ́ kó tó dé etí. Ẹni tó ń gbọ́ orin lè má mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbá géèmù ìbọn á mọ̀, torí wọ́n á ti yìnbọn pa á kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ká padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Mo ki dongle náà bọ PS5, mo tan hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì, mo dúró. Kò sí nǹkan kan. Mo lọ sí Settings, mo wọ Sound, mo wọ Audio Output, ibi tí orúkọ hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì yẹ kó ti jáde. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tún kì í bọ ẹ̀yìn, mo pa PS5, mo tún un tàn. Àbúrò mi ń retí lọ́hùn-ún, ó ń tẹ̀ mí láago pé ṣé kò sí iná ni.

Mo pe ẹni tó tà á. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá, ó ṣì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó kọ́kọ́ ní kí n gba sọ́fítíwíà tuntun sórí PS5. Mo gbà á, dátà lọ, nǹkan kò yí padà. Ní ọjọ́ kejì ó ní Pulse tuntun ni, wọ́n ti tì í láti ilé iṣẹ́, oníṣẹ́ ẹ̀rọ òun á bá mi ṣí i láti ọ̀nà jíjìn, ₦7,000 péré. Ibẹ̀ ni ojú mi là. Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní ọjà tó bá ti kúrò lọ́wọ́ òun kì í padà. Láàárín wákàtí kan, mi ò rí àwòrán rẹ̀ lórí WhatsApp mọ́, ìpè mi kò sì wọlé mọ́. Ọmọ iléèwé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan san ₦7,000 yẹn ní tirẹ̀. Owó oúnjẹ oṣù kan ni màmá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Òǹdó. Ó ń sọ ọ́ fún mi, kò lè wo ojú mi.

Mo gbé nǹkan náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ní Arákàlẹ̀. A ki dongle náà bọ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, a sì rí i pé Bluetooth lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń rà fún kọ̀ǹpútà tí kò bá ní Bluetooth. Kò lè gbé ohùn kankan fún PS5 láéláé. Nígbà tó tú hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì náà, a bá irin kékeré méjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, tí kò ṣe iṣẹ́ kankan ju kó mú un wúwo lọ́wọ́ lọ. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé e wò bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó.

Ọ̀nà kejì tún wà tí wọ́n ń gbà mú wa, èyí sì ṣòroó mọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí ojúlówó ni ọjà náà. Wọ́n á ta tókunbọ̀ gidi fún yín, kò ní sí dongle nínú rẹ̀. Wọ́n á ní ó ti sọnù, pé ẹ lè ra òmíràn. Ẹ má gbà. Dongle àti hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì, bí ìbejì ni wọ́n ṣe rí, ti orúkọ mìíràn kì í bá a ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí dongle, hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì oníwáyà lẹ rà ní owó aláìníwáyà. Kódà wáyà náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ẹ wo orí wáyà tó ń wọ páàdì: bí òrùka dúdú ara rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, ó lè gbé máìkì, bó bá jẹ́ méjì, ẹ ó máa gbọ́ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, òun kò sì ní gbọ́ yín.

Ẹ̀yin oní-Xbox, tiyín tún le sí i. Dongle tó ń ṣiṣẹ́ lórí PlayStation kì í ṣiṣẹ́ lórí Xbox àyàfi bí wọ́n bá dìídì ṣe é fún un. Àwọn kan ń bá Xbox sọ̀rọ̀ tààrà láìsí dongle, torí Xbox ní ìgbì aláìníwáyà tirẹ̀. Ẹ wá orúkọ Xbox lára páálí, ẹ má gbára lé ohun tí ẹni tó ń tà á bá fẹnu sọ. Ní ti Nintendo Switch, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ló ti ń gba ohùn Bluetooth, ṣùgbọ́n kì í gba máìkì lórí rẹ̀.

Báyìí, bí mo bá fẹ́ ra èyíkéyìí, iwájú PS5 ni mo ti ń sanwó. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ṣọ́ọ̀bù, kó fi tirẹ̀ hàn mí. Bí kò bá ní, mo máa gbé tèmi dání sínú báàgì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ní tẹlifíṣọ̀n àti iná ló lè gbà wá láyè ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo máa ki dongle bọ̀ ọ́, mo máa wo orúkọ rẹ̀ ní Audio Output, mo máa sọ̀rọ̀ sínú máìkì kí n rí i pé PS5 ń gbọ́ mi, lẹ́yìn náà mo máa rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n mọ̀ bóyá ohùn ń já. Bí PS5 yín bá jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jáde ní ìparí ọdún 2023, ihò USB méjèèjì iwájú rẹ̀, USB-C ni. Ẹ̀yìn ni dongle USB-A ti ń wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi ìyẹn dá yín dúró pé ihò kò bá ara wọn mu.

Kí ẹ tó pàdé rẹ̀ pàápàá, ẹ kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp pé PS5 lẹ fẹ́ fi lò, pẹ̀lú máìkì, kí ó sì dáhùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń mójú tó, sọ pé bí ẹ bá ti sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọjà kan ṣe fún ẹni tó tà á, tí ẹ sì rí i láìpẹ́ lẹ́yìn tó dé ọwọ́ yín pé ọjà náà kò yẹ fún iṣẹ́ yẹn, ẹ lè dá a padà kí ẹ sì gba owó yín pé. Nítorí náà, "ọjà tó bá ti kúrò lọ́wọ́ mi kì í padà" kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti fi òfin mú ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, ohun tí mo kọ sí i yẹn ni mo tẹ̀ jáde fún báǹkì àti ọlọ́pàá, pẹ̀lú ti ọmọ iléèwé náà, nọ́ńbà àkáǹtì kan náà lórí ìwé méjèèjì. Ẹ̀yin tó kù tó ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má dákẹ́. Ẹ mú tiyín lọ pẹ̀lú, kí ìwé lè pọ̀ lórí àkáǹtì yẹn.

Mo ti ra oníwáyà fún ìgbà díẹ̀, a sì sọ̀rọ̀ ní Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí South Gate tó fẹ́ ra hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì, kó mú ẹni tó ń tà á wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, ká fi PS5 mi dán an wò kó tó sanwó. Mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ayédèrú yẹn wà lórí tábìlì bí a ṣe tú u sílẹ̀, irin rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ lè fọwọ́ bà á.