LSI 9211-8i àti dísíkì CMR lábẹ́ FreeBSD: ohun tí mo rí nínú ìlò wọn

Bí ẹ bá fẹ́ kó dísíkì púpọ̀ sábẹ́ FreeBSD (ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bíi Linux) kí ẹ sì fi ZFS, ètò rẹ̀ tó ń to fáìlì sórí dísíkì, bójú tó wọn, káàdì tí wọ́n máa so mọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kan ọ̀rọ̀ dísíkì. LSI 9211-8i lèmi ń lò, èyí tí ṣíìpù SAS2008 wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí pé kì í dá sí ohun tí kò kàn án.

Káàdì àtijọ́ ni. PCIe 2.0 ló ń lò, ihò wáyà méjì ló ní, dísíkì mẹ́rin-mẹ́rin ló sì ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń sọ pé ó ti falẹ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dísíkì onírin tó yá dáadáa kì í sábà ka ju nǹkan bíi 280 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ń sáré pọ̀, wọn ò tó 2.5 GB. Ọ̀nà tí PCIe 2.0 là fún káàdì yìí sì gba nǹkan bíi 4 GB.

Firmware inú rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì náà, gan-an ni kẹ́ ẹ mójú tó. Oríṣi méjì ló wà: IR, tó lè ṣe RAID (kó dísíkì púpọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan) fúnra rẹ̀, àti IT, tó kàn ń fa dísíkì kọ̀ọ̀kan lé kernel, ọkàn FreeBSD, lọ́wọ́ bó ṣe rí. IT ni ZFS ń fẹ́. ZFS máa ń ṣírò checksum, nọ́ńbà tó fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ti yí padà, fún gbogbo ohun tó bá kọ. Tó bá wá kà á tí checksum ò bá mu, á lọ mú ẹ̀dà tó pé wá láti orí àwọn dísíkì yòókù, á sì fi tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí káàdì RAID bá ti sọ dísíkì mẹ́fà di ẹyọ kan lójú kernel, ZFS á mọ̀ pé fáìlì yín ti bàjẹ́, kò sì ní rí ibi tó ti máa mú èyí tó dáa.

Firmware IT 20.00.07.00 ni mo kọ sí tèmi. Mi ò kọ BIOS rẹ̀ (apá tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ láti orí dísíkì tó so mọ́ ọn) mọ́ ọn, torí pé ibòmíì ni FreeBSD mi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tètè tàn. Driver mps, ètò tí FreeBSD fi ń bá káàdì náà sọ̀rọ̀, rí i lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ `camcontrol devlist`, gbogbo dísíkì sì tò jáde láti da0 lọ, tòun ti orúkọ wọn.

Àǹfààní èyí yé mi dáadáa nígbà tí da3 bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, tí `zpool status` ń ka àṣìṣe sí i lọ́rùn. Mo tẹ `smartctl -a /dev/da3` láti ka àkọsílẹ̀ tí dísíkì náà ń ṣe nípa ìlera ara rẹ̀. Ìlà 5 àti 197, tó ń sọ nípa ibi tó bá bàjẹ́ lójú dísíkì, òdo ni méjèèjì. Ìlà 199, UDMA_CRC_Error_Count, ló ń gòkè. Wáyà nìyẹn, kì í ṣe dísíkì. Mo pààrọ̀ wáyà, nọ́ńbà náà dúró síbi tó dé (kì í padà sí òdo, ẹ má retí ìyẹn), mo ṣe scrub (mo ní kí ZFS ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò), kò sì sí àṣìṣe mọ́. Ká ní káàdì tó ń fi dísíkì pamọ́ ni, dísíkì tí kò ṣe nǹkan kan ni ǹ bá jù nù.

Wáyà SFF-8087 (ẹnu tó wọ ihò káàdì yìí) sí SATA mẹ́rin pín sí forward, tó ń ti ara káàdì lọ sí dísíkì, àti reverse, tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀, ojú lásán ò sì lè dá wọn mọ̀. Forward ni kẹ́ ẹ rà. Bó bá jẹ́ reverse, dísíkì kankan ò ní yọjú.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni ooru. Sáfà tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ gidigidi ni wọ́n ṣe é fún. Nínú àpótí kọ̀ǹpútà lásán, irin orí ṣíìpù náà máa ń gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e. Mo de fáànù kékeré mọ́ ọn.

Ní ti dísíkì, CMR, tí ojú ìlà rẹ̀ kì í gun orí ara wọn, ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra SMR fún ZFS. Lórí SMR, ojú ìlà tí wọ́n ń kọ nǹkan sí gun orí ara wọn bíi páànù òrùlé, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ yí díẹ̀ padà, dísíkì náà ní láti tún odindi agbègbè kan kọ. Ẹ lè má fura nígbà tí ẹ bá ń kó fáìlì díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí dísíkì kan bá kú tí resilver (títún ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ sórí dísíkì tuntun) bẹ̀rẹ̀ lẹ máa rí i: á falẹ̀ bí ohun tí kò fẹ́ tán, ó sì lè pẹ́ dáhùn débi tí ZFS á fi lé e kúrò. Lọ́dún 2020 ni àṣírí tú pé àwọn dísíkì NAS kan (tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ìfipamọ́ fáìlì) jẹ́ SMR láìsí pé wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà àdámọ̀ dísíkì náà gan-an nínú àkójọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, ẹ má wo orúkọ ara páálí nìkan.

Kí ẹ tó dá pool (àkójọ dísíkì ZFS) sílẹ̀, ẹ fi vfs.zfs.min_auto_ashift sí 12, tó dúró fún sẹ́kítọ̀ 4096 báìtì. Ọ̀pọ̀ dísíkì ń pe ara wọn ní 512 nígbà tó jẹ́ pé 4096 báìtì ni sẹ́kítọ̀ wọn, ashift ò sì ṣeé yí padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá vdev, ìyẹn ọ̀wọ́ dísíkì inú pool.

Bí dísíkì yín ò bá ju mẹ́rin lọ, ihò SATA ara mọ́tábọ́ọ̀dù tó ń lo AHCI (ìlànà tí kernel fi ń bá dísíkì SATA sọ̀rọ̀) tó yín, ẹ má ra káàdì kankan. Bó bá sì jẹ́ SSD lẹ fẹ́ kó jọ, ẹ gba 9300-8i: SAS3008 àti PCIe 3.0 ló ń lò, driver mpr ló sì ń bójú tó o, ṣùgbọ́n wáyà SFF-8643 ni tiẹ̀.