Yanrìn pupa tí wọ́n ń pè ní "kálísíọ̀mù": ẹ má rà á

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀ tí ẹ ń sin alángbá nínú ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo ti fi ₦18,000 kọ́gbọ́n, díẹ̀ ló sì kù kí n fi ẹ̀mí ẹran kún un.

Àbúrò mi ọkùnrin ló jápa. Ó ta gbogbo ẹrù rẹ̀, ó wá ku alángbá kan tí kò rẹ́ni gbé fún. Kì í ṣe alángbá ara ògiri wa yìí o. Alángbá onírùngbọ̀n ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní bearded dragon. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni orírun rẹ̀, nínú aṣálẹ̀. Ó gùn ju apá mi lọ láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, ẹ̀gún ṣóńṣó-ṣóńṣó yí ọ̀fun rẹ̀ ká, bínú bá sì bí i, ọ̀fun yẹn á wú, á dúdú bí èédú. Alàgbà ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é nítorí irùngbọ̀n. Ìyá ọkọ mi kò tíì wọ yàrá tó wà láti ọjọ́ tó ti dé.

Ìwé ìròyìn ni àbúrò mi fi ń tẹ́ ilẹ̀ àpótí gíláàsì rẹ̀. Ojú mi ni kò gbà á. Mo ní, ẹran olówó báyìí, ká máa tẹ́ ìwé ìròyìn fún un bí ẹni fẹ́ di àkàrà? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun ẹ̀yẹ nìyẹn, bí ọ̀gbẹ́ni kan sì ṣe rí mi mú nìyẹn.

Orí WhatsApp ló ti ń polówó. Ó ní apá Tákíè lòun wà. Ó fi fọ́tò yanrìn pupa kan ránṣẹ́, ó dán, ó wuyì.

"Mọ̀mí, yanrìn kálísíọ̀mù nìyí, láti Amẹ́ríkà. Bó bá tiẹ̀ gbé e mì, ṣe ni yóò dà nínú rẹ̀, egungun rẹ̀ á tún le sí i."

Mo ní, "Ṣó dá ọ lójú, ọmọ mi? Kò ní í dì sí i nínú?"

"Háà, Mọ̀mí! Ṣé èmi náà á purọ́ fún yín ni? Ẹ ṣáà wò mí bí ọmọ yín."

Mo wò ó bí ọmọ mi, mo sanwó. Ọlọ́kadà ló gbé e wá, kílò márùn-ún. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rí wà níwájú mi. Àbẹ́là ni wọ́n fi jó ẹnu ọ̀rá náà pọ̀, bí àwọn tó ń di ẹ̀pà tà létí títì. Wọ́n kọ Amẹ́ríkà gàdàgbà síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan níbẹ̀, kò sí àdírẹ́sì, kò sí ọjọ́. Mo rí i, mo sì dà á sínú àpótí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń sin ẹran yìí á ti mọ̀ pé ahọ́n ló fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò. Bí ìrẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, á fò mọ́ ọn, á gbé ìrẹ̀ pẹ̀lú yanrìn. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, Alàgbà kò jẹun mọ́. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Tèmi, mo mọ̀: kò yàgbẹ́ rárá, inú rẹ̀ le gbandi, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nílẹ̀. Mo gbé e sínú páálí, ó di Ìbàdàn, lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa mọ̀ yẹn. Obìnrin tá a jọ jókòó bi mí bóyá adìyẹ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Dókítà ẹran fi ẹ̀rọ X-ray wo inú rẹ̀. Yanrìn ló kún ìfun rẹ̀, ó funfun gbòò nínú fọ́tò. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ omi, wọ́n fún un lóògùn tó ń rọ ìgbẹ́, wọ́n ní kí n máa fi í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lójoojúmọ́. Dókítà tún bi mí nípa gílóòbù tó ń mú àpótí rẹ̀ gbóná, ìtìjú sì mú mi díẹ̀. Ooru ni ẹran yìí fi ń da oúnjẹ nínú. Abẹ́ gílóòbù rẹ̀ yẹ kó gbóná tó ìwọ̀n 38 sí 42 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ẹ sì mọ bí iná ọba ṣe ń ṣe wá. Nítorí náà, kì í ṣe yanrìn nìkan ló jẹ̀bi, èmi náà jẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó yàgbẹ́. Ohun tó jáde le bíi bulọ́ọ̀kù kékeré, ó sì pupa.

Nígbà tí mo padà délé ni mo tó yẹ ọjà náà wò. Mo bu ṣíbí kan sínú abọ́ funfun, mo bu omi sí i. Omi yẹn pọ́n bíi sóbò. Mo wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí òmíràn. Kálísíọ̀mù tí wọ́n ń sọ yìí, irú èyí tó wà nínú èèpo ẹyin ni, bí ohun kíkan bá kàn án, á hó, á máa yọ ìfófòó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́. Mo dán an wò lára èèpo ẹyin, ó hó. Ti Amẹ́ríkà jókòó síbẹ̀ bíi yanrìn bíríkìlà, torí pé yanrìn bíríkìlà tí wọ́n pa láró ni.

Ẹ má wá ní ẹ ó wá ojúlówó rà o. Ojúlówó náà ń bẹ, wọ́n ń tà á lókè òkun, ṣùgbọ́n bó bá ti rin, ṣe ló ń dì bíi sìmẹ́ńtì tí òjò pa, ìyẹn náà ló sì lè ṣe nínú ẹran. Èròjà yẹn kan náà ni wọ́n ń fi sínú oògùn tí èèyàn ń jẹ láti fi pa omi kíkan inú, omi kíkan yẹn sì ni ẹran fi ń da oúnjẹ. Irọ́ tí ọ̀gbẹ́ni yìí pa fún mi, ẹ̀yìn ọ̀rá àwọn òyìnbó ló ti kà á.

Ó tún ń ta èèpo asálà fífọ́. Etí rẹ̀ mú, ó lè ya ìfun. Ó ń ta lẹ́búlẹ́bú pákó tó ní igi páínì ni; òórùn igi yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró wọn gbádùn. Kápẹ́ẹ̀tì ń fa èékánná wọn yọ. Rọ́bà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ooru gílóòbù kàn án kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Táìsì ni mo fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ báyìí. Mo lọ bá àwọn tó ń ta táìsì, mo ní kí wọ́n fún mi ní àjẹkù. Mẹ́rin, ₦2,500, wọ́n sì bá mi gé e. Èyí tí ojú rẹ̀ rí háráhárá ni kẹ́ ẹ mú, kó má baà máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ kàn tò ó sílẹ̀ ni, ẹ má fi sìmẹ́ńtì tàbí gọ́ọ̀mù kankan sí i. Ó ń gba ooru dúró lábẹ́ gílóòbù, ó ń rẹ́ èékánná rẹ̀, bó bá yàgbẹ́ sí i, ọṣẹ àti omi ló ń fẹ́. Ní ti ọmọ wẹ́wẹ́ àti èyí tí ara rẹ̀ kò yá, ìwé ìròyìn tàbí tíṣù náà ni. Mo ti pe àbúrò mi, mo ti tọrọ àforíjì. Àwọn kan ń po erùpẹ̀ pọ̀ mọ́ yanrìn fífọ̀ fún àgbà alángbá tí ara rẹ̀ le, tí ooru rẹ̀ sì pé. Kò burú. Èmi ò ṣe é.

Bí ẹ ṣe máa dá ọ̀gbẹ́ni yìí mọ̀: á ní ọ̀rá méjì péré ló kù, orúkọ tó ń jẹ́ kì í bá ti àkáǹtì mu, kò sì ní í gbà pé kẹ́ ẹ tú ọjà wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Nígbà tí mo pè é pé ẹran mi ń kú lọ, ó ní, "Mọ̀mí, wọ̀bìà ló ń ṣe ẹran yín." Kí n tó dáhùn, ó ti dí nọ́ńbà mi.

Yanrìn tó kù, mo fún bíríkìlà tó ń rẹ́ ògiri ìta fún ìyá ọkọ mi. Ó ní yanrìn náà dáa, àfi pé ọwọ́ òun pọ́n fún ọjọ́ méjì.