Dọ́là 45,000 tí mo san kí n tó ṣí ilẹ̀kùn

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún iléeṣẹ́ tí mo ra franchise lọ́wọ́ wọn, ìyẹn àṣẹ láti máa fi orúkọ àti ìlànà wọn ṣòwò. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n kọ́ wa ló gba méjèèjì, torí ẹ̀kọ́ náà dára.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nílé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tàwa ọmọ Nàìjíríà. Mo ṣe é fún ẹlòmíràn títí ó fi sú mi, ni mo bá lọ ra franchise iléeṣẹ́ kan tó lórúkọ. (Mi ò ní dárúkọ wọn.) Dọ́là 45,000 ni owó àsansílẹ̀; owó ọ́fíìsì àti ti òṣìṣẹ́ ò sí nínú rẹ̀.

Kí n tó tọwọ́ bọ̀wé, mo bi ọkùnrin tó ń bá wọn polówó lórí fóònù pé bí ọ̀rọ̀ náà ò bá wá bọ́ sí i ńkọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n máa ń dá owó padà. Àṣé dọ́là 2,000 tí mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ló ń sọ, ìyẹn náà sì jẹ́ bí àwọn bá kọ̀ mí. Bí èmi bá kọ̀ wọ́n, kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ó wà nínú ìwé. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fún ẹni tó fẹ́ ra franchise ní ìwé àlàyé tí wọ́n ń pè ní FDD, ó kéré tán ọjọ́ 14 kó tó tọwọ́ bọ̀wé tàbí kó tó san kọ́bọ̀. Ìpín 23 ló ní, Item ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Item 5 ló ń sọ iye owó àkọ́kọ́ àti bóyá ó ṣeé gbà padà. Nínú tèmi, gbólóhùn kan péré ni: owó náà ti di tiwọn ní gbàrà tó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Báńkì ni mo ń sáré lọ ní gbogbo ọjọ́ 14 yẹn. Òfin ò sì ní kí wọ́n dá owó ẹnikẹ́ni padà o. Kí wọ́n ṣáà ti kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú náà ló dá mi dúró. Oṣù mẹ́jọ kọjá, kò jáde, mo ń san owó ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí. Mo kọ̀wé pé mo fẹ́ jáwọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n dá mi lóhùn ní ìlà méjì.

Lọ́yà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bá mi wò ó. "Àǹtí, ṣé ó kọ ohun tó sọ lórí fóònù sílẹ̀?" Rárá. Ó ní a lè bá wọn fà á, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ ṣírò ohun tí fífà á máa ná mi. Ó tún ní bí àpò iléeṣẹ́ kan ò bá le, Maryland lè ní kí ó má gba owó àsansílẹ̀ títí ẹni tó ra franchise náà yóò fi ṣí. Àpò tiwọn le, wọ́n gba tèmi lọ́jọ́ kan náà.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí Item 20, níbi tí nọ́ńbà fóònù àwọn tó ra franchise wọn tí wọ́n sì ti kúrò wà. Mo pe obìnrin kan. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi bi mí bóyá mo ti sanwó.

Mo ní mo ti san.

Ó ní, "Ah."