Káàdì adójútòfò ìlera: ibi tó ti gbè wá àti ibi tó ti já wa sílẹ̀

Bí ẹ bá bi mí bóyá káàdì adójútòfò ìlera ibi iṣẹ́ dára, màá ní ó dára, ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àìsàn olówó gọbọi tí kì í lọ bọ̀rọ̀ lẹ ní lọ́kàn, ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí ní Abẹ́òkúta níbí.

Káàdì mi kó èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa mọ́ra. Ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ètò náà gbà. Ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò fún wa ní wàhálà kankan. Nígbà tí mo fẹ́ bí àbíkẹ́yìn wa, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, kò sì sẹ́ni tó béèrè owó kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ìdá mẹ́wàá owó oògùn nìkan la san. Ẹni tó bá ti rí ọkọ aboyún tó ń wá owó àsansílẹ̀ kiri lóru á mọ̀ pé oore ńlá nìyẹn.

Kíndìnrín ọkọ mi ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, á sì pẹ́ kó tó kún. Dókítà ní àfi kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọsibítù tí a forúkọ sílẹ̀ sí kò ní ẹ̀rọ náà, wọ́n kọ̀wé fún wa lọ sí òmíràn tó tóbi, ó wá di dandan kí HMO wa, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó káàdì náà, fi kóòdù ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Àárọ̀ la débẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ kí kóòdù tó dé, ọkọ mi jókòó sórí àga onírin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Fóònù ara rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó wà lórí kàǹtà fi ń pè wọ́n ṣáá. Ọlọ́run á san án fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni káàdì máa san. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, fún ẹni tó gbọ́dọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀! Oṣù kan kò pé tó fi tán. Ilẹ̀ tí a rà sí Ọbántokò la tà.

Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas ní láti ọdún 1972 ni òfin wọn ti gba ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀ sínú Medicare, ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn arúgbó, bí kò tilẹ̀ tíì darúgbó, tí òun tàbí ẹnìkejì rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ san owó orí tó. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni Medicare ń san, ìyókù wà lọ́rùn aláìsàn, kò sì kéré. Ní Ìlú Ọba, owó orí ni wọ́n fi ń gbé NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ró láti 1948, aláìsàn kì í sanwó ìfọ̀jẹ̀. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó fẹ́ fi físà gbé ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń san 1,035 pọ́n-ùn owó ìlera fún ọdún kan sílẹ̀ ná. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé àìsàn tí agbo ilé kan kò lè dá gbé gan-an ni wọ́n pín sọ́rùn gbogbo ìlú. Tiwa gba ibà lọ́wọ́ wa, ó fi kíndìnrín sílẹ̀ fún wa.

Ohun tó gbà wá sílẹ̀ kì í ṣe káàdì. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ já owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ọsibítù rẹ̀ kan, FMC Ìdí-Abà ní Abẹ́òkúta níbí sì wà lára wọn. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó ń wá 100,000 lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, 24,000 ló ń wá báyìí. A ṣì ń ra abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n a ti ń mí.

Òfin NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tó jáde ní 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta àdìrẹ ní Ìtokú, ẹ lọ bá OGSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ ní kí wọ́n ka ohun tí owó yín kò ní dé sétí yín, àìsàn kíndìnrín àti jẹjẹrẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ. Kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹni tó ń fún ọsibítù ní kóòdù lóru Sátidé, kó wà lórí fóònù tọkọtaya.