Ilé Ìwòran Kan ní Alágbàka àti Ìtàn Hattie McDaniel

Ilé ìwòran kékeré kan wà ní àdúgbò Alágbàka ní ìlú Àkúrẹ́ tó máa ń fi fíìmù àtijọ́ han àwọn ará ìlú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, òṣèré kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń gbé kalẹ̀ ní oṣù kan. Ti oṣù yìí, Hattie McDaniel ni wọ́n mú, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. ₦2,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, ìdajì rẹ̀ ni ti ọmọdé. Owó náà tọ́ sí wọn, nítorí kì í ṣe fíìmù nìkan ni èèyàn ń rí gbà níbẹ̀.

Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni ilé náà fúnra rẹ̀ máa ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a sì máa sọ ìtàn ìgbésí ayé òṣèré náà ní Yorùbá tó já gaara, bí àwọn àwòrán àtijọ́ ti ń kọjá lójú aṣọ funfun. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti dára jù. Ó sọ fún wa pé ní 1893 ni wọ́n bí Hattie ní ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas, pé ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ rí, pé bàbá náà sì wà lára àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó jà fún ìhà Àríwá nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ó tẹ̀ lé e dé Denver, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tó sì ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá mú wa dé Los Angeles ní 1931, níbi tí obìnrin yìí ti ń kọrin tó sì ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín lórí rédíò, ṣùgbọ́n tí owó iṣẹ́ náà kéré débi pé ó ní láti máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé kó tó lè rówó jẹun. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí kò tún ní fi ojú lásán wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó ń bọ̀ náà ni Gone with the Wind, fíìmù ọdún 1939 tó gùn tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Nínú rẹ̀, Hattie ni Mammy, ẹrúbìnrin tó tọ́ Scarlett O'Hara, ọmọ olówó tí ìtàn náà dá lé lórí, dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i bó ti ń fa okùn mọ́ ìbàdí Scarlett kí aṣọ lè gbà á, tó ń bá a wí pé kó jẹun nílé kó tó lọ sóde àríyá, tí ohùn rẹ̀ sì kún fún àṣẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrú ni. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni orí àtẹ̀gùn, ní apá ìparí, lẹ́yìn ikú ọmọ kékeré tí Scarlett bí. Mammy ń gun àtẹ̀gùn lọ pẹ̀lú Melanie, ọ̀rẹ́ Scarlett, ó ń ròyìn bí bàbá àti ìyá ọmọ náà ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn lọ́kàn, omi ń dà lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò dúró, ó ń gòkè lọ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tiwa, ọmọ ọ̀dọ̀ ni a máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà, kó fọ́ àwo kí a lè rẹ́rìn-ín. Hattie gba irú ipa bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ẹni tó mọ àṣírí ilé náà ju àwọn tó ni ín lọ.

Lẹ́yìn fíìmù, wọ́n tún sọ ti òru tí Hattie gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún ipa Mammy yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1940 ni wọ́n ṣe é, ní òtẹ́ẹ̀lì Ambassador ní Los Angeles, níbi tí wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Selznick tó gbé fíìmù náà jáde ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gba Hattie láàyè, tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n sì fi í sí, jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Kò tilẹ̀ lè lọ sí ìfihàn àkọ́kọ́ fíìmù náà ní Atlanta nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀. Ìyá kan tó jókòó níwájú mi pòṣé, ó ní, "Ṣé ibi tí wọ́n ti fẹ́ yẹ́ ẹ sí náà nìyẹn?" Ọdún 1991 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kejì, Whoopi Goldberg, tó gba Oscar fún eré ṣíṣe.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ìtàn náà dúró, èyí sì dùn mí gan-an. Ará Àkúrẹ́ mọ ohun tí ẹjọ́ ilé ń jẹ́, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n gbọ́ pé nígbà tí àwọn aládùúgbò aláwọ̀ funfun pe ẹjọ́ láti lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nínú ilé tí wọ́n fi owó ara wọn rà ní Los Angeles, Hattie ló kó àwọn onílé bíi tirẹ̀ jọ láti gbèjà ara wọn, tí Adájọ́ Thurmond Clarke sì dá wọn láre ní oṣù Kejìlá ọdún 1945. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú kan, pẹ̀lú Walter White tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, bẹnu àtẹ́ lu irú ipa ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń kó. Nígbà tó kú ní 1952, ibi ìsìnkú tó yàn ní Hollywood kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. 1999 ni wọ́n tó gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ tó fi sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard sọnù, 2023 ni wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo sọ gbogbo èyí fún ẹni tó ni ilé náà, ó sì ṣèlérí pé òun yóò fi kún un.

Ní ti ilé náà fúnra rẹ̀, àwòrán mọ́lẹ̀ kedere, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá, ṣùgbọ́n ariwo jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé máa ń wọnú ohùn fíìmù. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣàlàyé yéé dá fíìmù dúró láàárín: orí àtẹ̀gùn tí mo sọ yẹn ló ti dá a dúró nígbà tí mo lọ, ọ̀pọ̀ wa ni inú wa kò sì dùn sí i. Wọ́n ń ta zóbò àti pọ́fù-pọ́fù nígbà ìsinmi, wọn kò sì wọ́n. Àga ike ni wọ́n ń lò, nítorí náà ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn kó mú tìmùtìmù dání. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ tètè lọ, nítorí àwọn àga tó wà lábẹ́ fáànù kì í pẹ́ kún.